Àdúà Tí Sùmáyà Fi Rán Mi sí Kaaba

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mi ò lè dá gbé mọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ tán ná.

Jarwal ni mò ń gbé ní Mẹ́kà, mò ń se oúnjẹ fún àwọn tó wá ṣe úmúrà. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn dé mọ́sálásí ńlá láti ilé mi. Nítorí náà, èmi ni gbogbo mọ̀lẹ́bí wa ní Jẹ́dà ń rán sí Kaaba. Ẹni tó ń wá ọmọ, ẹni tí ìkámà rẹ̀, ìwé ìgbélùú, fẹ́ parí, wọn á fi ohùn ránṣẹ́ lórí wásáàpù: Àlàájà, ẹ bá mi dé ibẹ̀. Màá kọ orúkọ wọn sínú ìwé pélébé, màá pè wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Àmánà ni, ohun tí wọ́n fi síkàáwọ́ mi. Kí n má purọ́, ó máa ń wú mi lórí pé èmi ni wọ́n fọkàn tán.

Sùmáyà ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń tún mọ́tò ṣe ní Bahra, láàárín Mẹ́kà àti Jẹ́dà. Ilẹ̀ Lárúbáwá níbí ni wọ́n bí i sí, ìdí mọ́tò ló sì dàgbà sí. Tí ẹ bá sọ Yorùbá sí i, Lárúbáwá ni yóò fi dá yín lóhùn. Nígbà tí wọ́n gba obìnrin láàyè láti wakọ̀, ó gba láísẹ́ǹsì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi mọ́tò kékeré sáré ìje. Kò pẹ́, iléèwé àwọn awakọ̀ ìje kan ní Japan gbà á. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó pè mí. Ammah ló ń pè mí, bí wọ́n ṣe ń pe àbúrò bàbá lóbìnrin níbí. Ó ní kí n bá òun dé Kaaba, kí òun lè di awakọ̀ ìje gidi.

Mo ní mo gbọ́. Mo lọ lóòótọ́. Mo dúró síwájú ilé Ọlọ́run, mo pe orúkọ rẹ̀, mo sì bẹ Ọlọ́run pé kí ọ̀nà náà dí mọ́ ọn. Kí mọ́tò kọ̀ fún un. Kó padà wálé wá fẹ́ ọkọ.

Ẹ ò tíì gbọ́ ǹkankan. Kí ló dé tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀? Mo sọ fún ara mi pé ìfẹ́ ni. Kí ni àwọn Àlàájà ẹgbẹ́ mi máa wí, pé ọmọ wa ń bá ọkùnrin sáré lókè òkun? Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi ara mi dáadáa, ìlara wà níbẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́jọ́ orí rẹ̀, kò sẹ́ni tó bi mí ní ohun tí mo fẹ́ dà.

Lọ́dún àkọ́kọ́, òun ló ń gbẹ̀yìn pátápátá nínú ìje. Mọ́tò rẹ̀ á kú sójú ọ̀nà. Ó pè mí, ó ń sunkún, ó ní kí n tún bá òun lọ. Mo rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Mo tún lọ, àdúà kan náà ni mo tún ṣe. Ibi tó ń dójú tì mí jù nìyẹn. Ẹkún ọmọ ọlọ́mọ ṣì wà létí mi, mo ní kí Ọlọ́run fi kún un.

Ọlọ́run ò kúkú dá mi lóhùn. Lọ́dún kejì, Sùmáyà gbé ipò kẹta nínú ìje àwọn obìnrin. Lẹ́yìn ìyẹn ló gba ipò kìíní. Kò pẹ́ tí àwọn kan fi mú un wọ ìje tí tọkùnrin tobìnrin ti ń díje. Gbogbo ìgbà tó bá yege, èmi ló ń kọ́kọ́ pè, ṣáájú bàbá rẹ̀. Á ní àdúà ammah ni. Èmi náà á ní alhamdulillahi, pẹ̀lú ẹnu yìí kan náà!

Lóṣù tó kọjá, ó wálé. Ẹ̀gbọ́n mi kó èèyàn jọ ní Bahra lẹ́yìn ìrun àsárì. Sùmáyà dìde, ó sì sọ Yorùbá. Ó ti ń kọ́ ọ ní Japan kó lè fi dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Èmi wà nínú mọ́tò, àmọ́ ammah mi ló ń tì í." Gbogbo ilé pariwo màṣà Allah. Mo doríkodò, wọ́n rò pé ayọ̀ ló ń pa mí lẹ́kún.

Ọmọ Ìwó kan tó ń kọ́ òfin ẹ̀sìn ní yunifásítì máa ń jẹun lọ́dọ̀ mi. Mo bi í bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni. Ó ní ohun tó wà láàárín èèyàn àti Ọlọ́run, kí onítọ̀hún bẹ Ọlọ́run. Ohun tó wà láàárín èèyàn méjì, kó lọ bá ẹnì kejì rẹ̀. Ó wò mí, ó ní kí n bá òun kí onítọ̀hún.

Lọ́jọ́ tí Sùmáyà ṣe úmúrà tán, ó yà sọ́dọ̀ mi. Mo kúnlẹ̀ fún ọmọ tí mo pọ̀n rí, mo jẹ́wọ́. Ó sáré gbé mi dìde. Ó wá bi mí ní Lárúbáwá bóyá mo ṣe é lọ́jọ́ tí òun sunkún náà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ṣé èmi nìkan ni mo wà nídìí mọ́tò nígbà yẹn, tí ẹnikẹ́ni ò bá mi tì í?"

Ó nu ojú mi, ó ní òun ti dárí jì mí. Mo mọ̀ pé tọkàntọkàn ni.

Àwọn àgbà ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ ọmọ ni wọ́n rán mi, tẹrú ni mo fi jẹ́ ẹ. Bí wọ́n bá fi àdúà rán yín tí ọkàn yín ò gbà á, ẹ sọ pé ẹ ò lọ. Ó sàn ju ohun tí mo ṣe lọ.

Sùmáyà ti padà sí Japan. Ó ń kí mi ní gbogbo Jímọ̀, ó sì ń fi fídíò ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó sáré ìje lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò rán mi níṣẹ́ kankan. Mo lọ fúnra mi, mo pe orúkọ rẹ̀, mo sì bẹ Ọlọ́run fún un dáadáa. Mi ò lè sọ fún un pé mo lọ, torí kí ló máa fi gbà mí gbọ́?

Ẹ̀yin tí ẹ ti da àmánà ẹni tó fẹ́ràn yín rí, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi. Ìdáríjì kọ́ ni mò ń béèrè, mo ti rí ìyẹn gbà. Báwo lẹ ṣe ṣe é tí wọ́n fi tún rán yín níṣẹ́?