Ilé Èrò Àwọn Àna Mi ní Ẹ̀pẹ́

Bàbá bàbá ìyàwó mi ló kọ́ ilé èrò náà sí Ẹ̀pẹ́, lọ́nà etí ọ̀sà. Ó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè l'Ókè Ọya kí ó tó padà wálé, ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́hùn-ún ló sì kọ́. Ilé gígùn tí kò ga, bíi téṣàn ọkọ̀ ojú irin. Ògiri amọ̀ rẹ̀ nípọn débi pé ènìyàn lè jókòó sí etí fèrèsé. Fàráńdà gba gbogbo iwájú ilé, páànù sì yọ síta kọjá ògiri dáadáa. Irin ojú rélùwéè ló fi ṣe òpó fàráńdà náà. Ó dá ihò kékeré kan sí ara ògiri iwájú, níbi tí èrò ti ń sanwó ibùsùn bí ẹni tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ń kó ẹrù láti Ìjẹ̀bú sọ̀kalẹ̀ wá dúró de ọkọ̀ ojú omi ló máa ń sùn síbẹ̀. Àwọn ará Ẹ̀pẹ́ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Téṣàn rèé, ọkọ̀ ojú irin dà?" Ọkọ̀ ojú irin kò dé Ẹ̀pẹ́ títí dòní.

Nígbà tí mo fẹ́ ìyàwó mi, èrò kò sí níbẹ̀ mọ́, ẹbí ló ń gbé inú rẹ̀. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, a ó ti Ìkòròdú lọ. Òun àti àwọn obìnrin ilé yóò po amọ̀ tuntun, wọn yóò fi rẹ́ ibi tó bá ti sán. Ó máa ń sọ pé ilé amọ̀ ń mí. Omi ilẹ̀ ń gòkè sínú ògiri, ó sì ń gba ojú ògiri jáde bí òógùn. Fàráńdà ni agbòjò rẹ̀. Èmi a máa pọn omi. Iṣẹ́ àna nìyẹn.

Ìyàwó mi kú. Kò sẹ́ni tó rẹ́ ilé náà mọ́.

Láyé ìgbà tí tẹlifóònù ṣẹ̀ṣẹ̀ di ohun àpò gbogbo èèyàn, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tó jẹ́ olórí ẹbí pè mí.

"Àna wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹbí fẹ́ tún ojú ilé ṣe. Ẹ bá wa sọ fún ọmọ wa kó wá jókòó sí àyè ìyá rẹ̀."

Wọ́n fẹ́ wó fàráńdà, kí ilé lè kọjú sí títì gbangba. Wọ́n fẹ́ fi sìmẹ́ńtì rẹ́ gbogbo ògiri. Ọmọ tí wọ́n ń pè ni ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo, tó ń ti Ìkòròdú lọ ṣiṣẹ́ ní báǹkì l'Ékòó. Òun ló lẹ́nu níbẹ̀, èmi kò ní. Àna kì í dá sí ọ̀rọ̀ ilé ẹbí ìyàwó.

A jọ wọ ọkọ̀ ní Ìkòròdú Gáréèjì. Kí a tó dé Ìmọ̀tà, mo ti sọ ọ́ fún un tán: kí wọ́n má wó fàráńdà, kí wọ́n má fi sìmẹ́ńtì bo amọ̀, nítorí omi kò ní rí ọ̀nà jáde.

"Dádì, mo ti gbọ́."

"Kí ni mo sọ?"

"Fàráńdà. Sìmẹ́ńtì. Ẹ jẹ́ kí n sùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

Wọ́n wọ pálọ̀ lọ ṣèpàdé, wọ́n gbé àga fún èmi sí fàráńdà. Mò ń gbọ́ wọn láti ojú ihò tíkẹ́ẹ̀tì. Ọmọ mi sọ ọ́. Ó sọ ọ́ dáadáa. Olórí ẹbí wá bi í pé:

"Ọmọ mi, irú ilé wo lò ń gbé ní Ìkòròdú?"

"Ilé búlọ́ọ̀kù ni, sà."

"Ṣé ẹrẹ̀ ni wọ́n fi rẹ́ ẹ?"

"Rárá, sà."

"Ẹ̀yin ẹ máa gbé búlọ́ọ̀kù, kí àwa máa gbé inú ẹrẹ̀ dè yín, kí ẹ lè máa wá wò wá bí ẹni wá wo kìnnìún?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ẹ̀rín ọmọ mi láàárín tiwọn. Mo wúkọ́. Mo tún wúkọ́.

Àbúrò ìyàwó mi obìnrin ké láti inú ilé pé, "Àna wa, ikọ́ yín yìí mà fẹ́ dá sí ìpàdé o! Ẹ bá mi bu omi fún wọn!"

Wọ́n bu omi wá. Mo mu ún.

Wọ́n ṣe é bí wọ́n ṣe fẹ́. N kò ní purọ́, ó dára lójú. Wọ́n kó irin fàráńdà jọ sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n kun ilé. Nígbà tí òjò dé, ọ̀dà bẹ̀rẹ̀ sí wú lára ògiri. Mo sọ fún olórí ẹbí lórí fóònù.

"Àwọn akunlé ìsinsìnyí ni," ló wí. "Olè ni wọ́n."

Òjò ọdún kejì ni ògiri iwájú wó, lọ́sàn-án gangan. Ọpẹ́ ni pé kò bá ẹnikẹ́ni. Sìmẹ́ńtì ṣí kúrò gbàgẹ̀rẹ̀ bí èèpo, amọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti rọ̀ bí ẹ̀kọ.

Bí ògiri àna ẹni bá wó, àṣà wa ni pé kí èèyàn kó ọ̀wẹ̀ lọ. Èmi tí n kò lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ ilé náà, mo lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Mo bẹ àwọn ọkùnrin àdúgbò mi, a lọ kó àlàpà kúrò. Bíríkìlà ta okùn ìpìlẹ̀ ògiri tuntun. Ó ta á jáde títí kan ẹ̀bá títì, kò fi àyè fàráńdà kankan sílẹ̀.

Mo dìde. Níwájú gbogbo wọn ni mo ti sọ ọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, amọ̀ ni kí ẹ jẹ́ ká fi mọ ọ́n. Irin ṣì wà lẹ́yìnkùlé. Ẹ jẹ́ ká dá fàráńdà rẹ̀ padà."

Olórí ẹbí wò mí. Kò bínú, ì bá sì sàn kó bínú.

"Àna wa," ó ní, "ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú làálàá."

Mo ti pẹ́ nínú ẹbí náà, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Ọkọ̀ tó kó búlọ́ọ̀kù ti ń fi ẹ̀yìn wọlé. Mo bọ́ ẹ̀wù mi, mo lọ bá wọn já a sílẹ̀.