Kò Jìnnà Mọ́

Ní Rẹ́mọ tiwa, ẹni tó ń rìnrìn àjò kì í béèrè bí ọ̀nà ṣe jìn tó, àfi tó bá fẹ́ kí wọ́n tu òun nínú. Bí o bá fẹsẹ̀ rìn láti Ìkẹ́nnẹ́, tí ò ń lọ sí Ìsarà, tí oòrùn ti pa ọ́, tí o wá bi àgbẹ̀ kan lẹ́bàá ọ̀nà, ohun tí yóò sọ ni pé, "Kò jìnnà mọ́. O ti dé tán." Wàá tún rìn títí, wàá bá ẹlòmíràn, òun náà á sọ bẹ́ẹ̀. Wọn kì í purọ́ fún ọ. Bí ìgbà tí wọ́n bu omi fún ọ mu ni. Ta ló máa wo ẹni tó ti rẹ̀, kó sì sọ fún un pé ọ̀nà ṣì kù rẹpẹtẹ?

Ọ̀rọ̀ yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, ní ìgbà tí àwọn ọdún 1990 ń parí lọ.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé-ẹ̀kọ́ gíga tí ìjọ wa dá sílẹ̀ nítòsí wa ni. Ìjọ yìí kan náà ló ti ń rán mi níléèwé láti kékeré, mo sì ń dúpẹ́ títí dòní. Olùkọ́ kan wà níbẹ̀, ọmọ Ìpẹ̀rú, tó pẹ́ lókè òkun kó tó padà wálé. Dókítà là ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè wo ibà. Ó gbé kọ̀ǹpútà kan bọ̀, pẹ̀lú ohun kan tí a sọ ní akoto, nítorí ó jọ èyí tó yẹ kí àwọn ọlọ́kadà máa dé tí wọn kì í dé. Tẹlifíṣàn kékeré méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan níwájú ojú kọ̀ọ̀kan. Bí o bá dé e, wàá bá ara rẹ nínú yàrá kan tí kò sí níbì kankan láyé. Yí orí sọ́tùn-ún, wàá rí ògiri ọ̀tún. Wo òkè, wàá rí àjà. Òpó pupa kan dúró nínú yàrá náà, Dókítà sì lè fi kọ̀ǹpútà sún un síwá sẹ́yìn.

Ohun tó ń wádìí ni bóyá ojú ènìyàn ń mọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń mọ̀ ọ́n lójú ayé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lókè òkun ti ṣàkíyèsí pé nǹkan inú akoto máa ń dà bí ẹni pé ó sún mọ́ni ju bó ṣe yẹ lọ. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni yóò rí fún àwọn àgbà wa, tí wọn kò jókòó ti kọ̀ǹpútà rí. Wọ́n yá a ní akoto náà ni. Àlejò kan tó wá wàásù ni yóò gbé e padà lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ó ṣèlérí fún mi pé bí iṣẹ́ náà bá yọrí, òun á wá àyè fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun níbẹ̀. Bí kò bá yọrí, Àkàkà ni mo máa lọ, kí n máa kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Kò sí ohun tó ṣe Àkàkà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni mo ń tọrọ nínú àdúrà.

Ẹni àkọ́kọ́ tó dé akoto ni bàbá kan tó ti jẹ́ ọ̀gá iléèwé rí, alàgbà nínú ìjọ wa.

"Bàbá, báwo ni òpó yẹn ṣe jìnnà sí yín tó?"

"Kò jìnnà."

Dókítà sún òpó sẹ́yìn. "Ní báyìí ńkọ́, sà?"

"Kò jìnnà."

Ó sún un títí ó fi tínrín bí ẹyọ ìgbálẹ̀ kan.

"Kò jìnnà mọ́, ọmọ mi. O ò ní pẹ́ débẹ̀."

Bí gbogbo àgbà tó wá ṣe dáhùn nìyẹn. Dókítà ń fọwọ́ pa ọwọ́. "Akoto yìí mà ń fa nǹkan mọ́ra o," ló ń wí. Ọkàn tèmi kò balẹ̀. Nígbà tí Bàbá ń wá ọ̀pá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo sún mọ́ wọn.

"Bàbá, ṣé Ṣàgámù jìnnà síbí?"

"Kò jìnnà."

"Ìbàdàn ńkọ́, sà?"

"Ìyẹn náà kò jìnnà, ṣebí mọ́tò ń lọ."

"Jerúsálẹ́mù ńkọ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ti òkè àbí ti ìsàlẹ̀? Ti òkè kò jìnnà mọ́. Ti ìsàlẹ̀ ni mi ò mọ ọ̀nà rẹ̀."

Mo lọ sọ fún Dókítà. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀. "Bí bàbá mi ṣe máa ń tàn mí dé oko nìyẹn," ó wí. Ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni, akoto ń lọ ní Sọ́ńdè, kò sì sí ohun tí a rí kó jọ bí kò ṣe ìwà ọmọlúwàbí.

"Ẹnu wọn la bi," ó wí níkẹyìn. "Ẹsẹ̀ wọn ló yẹ ká bi."

Ní Fúráídé, a kó àwọn bẹ́ǹṣì inú gbọ̀ngàn ìjọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹni tó bá dé akoto yóò wo òpó dáadáa, Dókítà yóò pa àwòrán náà, onítọ̀hún yóò sì rìn lọ síbi tó ti rí òpó. A ó wá fi téèpù wọ̀n ọ́n. Kí oòrùn tó wọ̀ ni a gbọ́dọ̀ parí, torí Sátidé ni ìjọ wa ń sinmi, láti ìrọ̀lẹ́ Fúráídé; bí ọjọ́ ìsinmi bá sì ti wọlé, kò sí ẹni tó máa fọwọ́ kan iṣẹ́ nínú wa.

Àwọn àgbà tètè dé, wọ́n jókòó tira wọn, kò sì sí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ta ló fẹ́ máa táràrà níwájú àna rẹ̀? "Èmi ṣì ń mí," ni ẹnì kan wí. "Kí àwọn ọ̀dọ́ kọ́kọ́ ṣe é," ni ẹlòmíràn wí. Ìyá mi, olórí àwọn obìnrin ìjọ, wò mí. Wọ́n mọ ohun tí mo ń tọrọ, torí a jọ ń gbàdúrà sí i ni. Wọ́n dìde.

"Ẹ gbé fìlà yín wá."

Dókítà dé e fún wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà, bí a ti ń ṣe ká tó dáwọ́ lé ohunkóhun. Láàárín àdúrà ló rí i pé wáyà kan ti yọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe, ó sì gbàgbé àdúrà síbẹ̀.

"Màmá, kí lẹ rí?"

"Mi ò rí nǹkan kan."

Ó tẹ kọ̀ǹpútà, ó fa wáyà. "Ní báyìí ńkọ́?"

"Òkùnkùn ni."

Oòrùn ń lọ. Òógùn bo Dókítà. Nígbà tó yá, mo ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ lajú?"

"Ta ló ti ṣe àmín?"

Gbogbo gbọ̀ngàn ṣe àmín. Ìyá mi lajú, wọ́n wò yíká. "Ilé yìí mọ́ o." Dókítà pa àwòrán náà.

"Wọ́n ti mú iná lọ," ni wọ́n wí.

"Èmi ni mo pa á, Màmá. Ẹ máa rìn lọ síbi òpó."

Wọ́n bọ́ bàtà, ṣùgbọ́n wọn kò gbẹ́sẹ̀. "Àgò o." Wọ́n dúró. "Àgò onílé o."

"Màmá, ẹ máa lọ."

"Kí n kàn wọ ilé onílé, nínú òkùnkùn, láìsí ẹni tó dáhùn? Dókítà, wọn ò tọ́ mi bẹ́ẹ̀."

Dókítà wò mí. Mo lọ dúró sí òkèèrè, mo yí ohùn padà. "Àgò yà. Ẹ wọlé, mà."

"Ohùn ọmọ mi rèé. O ti ṣáájú mi débí."

Wọ́n rìn, Dókítà di wáyà mú lẹ́yìn wọn bí ẹni tó ń fa ewúrẹ́ lọ́jà. Wọ́n dúró, a wọ̀n ọ́n, ó ṣì kù dáadáa kí wọ́n dé ibi òpó. Inú Dókítà dùn. Èmi ni mo ba nǹkan jẹ́.

"Mọ́mì, kí ló dé tí ẹ dúró síbẹ̀?"

"Ṣé kí n lọ dúró lé onílé lórí ni? Wọn ò tíì fún mi níjòókòó."

Dókítà fọwọ́ bojú. Ṣé ojú ló dá wọn dúró ni, àbí ìwà? Kò sí bí a ṣe lè mọ̀. Ó mú wọn padà síbi tí wọ́n ti gbéra, ó tan àwòrán, ó sì fohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, "Màmá, onílé ní ẹ kú àbọ̀. Ó ní àga yín wà nídìí òpó gan-an. Ẹ wá jókòó."

Ó tún pa á. Ìyá mi rìn, wọ́n dé ibi tí wọ́n dúró sí lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní, "A dúpẹ́ o," wọ́n sì jókòó. Mi ò sáré báyẹn rí. Bẹ́ǹṣì tí mo gbé pàdé ìyá mi lágbedeméjì.

Nígbà tí a bọ́ akoto, wọ́n wo bí téèpù ṣe nà síwájú wọn. "Àbí ẹ sún un ni?"

"A ò sún un, Màmá."

"Mo rò pé mo ti dé ni."

Dókítà gbé àga gidi síbi òpó náà, ó ní kí wọ́n wò ó, ó sì fi gèlè wọn bò wọ́n lójú. Wọ́n rìn lọ tààrà títí àga fi kan orúnkún wọn. Ojú ni, kì í ṣe ìwà. Ni àwọn àgbà bá ń jà lórí ẹni tó kàn. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ṣe àgò, èmi ni mo ń dá gbogbo wọn lóhùn títí ohùn mi fi há. Nínú akoto, wọ́n ń dúró kí wọ́n tó dé. Pẹ̀lú aṣọ lójú, wọ́n ń débẹ̀. Bí oòrùn ṣe ń kanlẹ̀ ni Dókítà ká téèpù, Bàbá ọ̀gá iléèwé sì fi àdúrà ọpẹ́ gba ọjọ́ ìsinmi wọlé.

Bí a ṣe ń lọ sílé, mo ní, "Sà, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tèmi ńkọ́?"

Ó gbé báàgì rẹ̀ sí èjìká kejì. "Kò jìnnà mọ́," ó wí. "O ti dé tán."

Mo wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ń ṣú. Òjò rọ̀ tán, ọyẹ́ dé, kí wọ́n tó ránṣẹ́ pè mí. Ó jìnnà díẹ̀. Ṣùgbọ́n mo débẹ̀, mo ṣe àgò, Ọlọ́run sì jẹ́ kí ẹnì kan dá mi lóhùn.