Àjàṣẹ́ Wo?

Orúkọ mẹ́ta ni ìlú wa ní. Ìjọba àti ilé-ìwé ń pè é ní Porto-Novo, àwọn Gùn ń pè é ní Họ̀gbónù, àwa Nàgó ń pè é ní Àjàṣẹ́. Láti kékeré ni mo ti ń pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìronú rárá: ọ̀kan fún tíṣà, ọ̀kan fún oní-zémìjàn tó bá fi alùpùpù gbé mi, ọ̀kan nínú ilé. Mi ò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí n óò ní láti yan ọ̀kan nínú wọn, tí èyí tí mo yàn á sì kó bá ìyá mi.

Abẹ́rẹ́ ni ìyá mi fi tọ́ mi. Ọwọ́ ló fi ń ṣiṣẹ́ òwú sí ọrùn àti àyà agbádá, iṣẹ́ tó kọ́ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Iṣẹ́ ọkùnrin ni wọ́n kà á sí nígbà náà, àwọn èèyàn sì sọ̀rọ̀ títí ó fi sú wọn. Nígbà tí ẹ̀rọ dé, tó ń fi ìṣẹ́jú ṣe ohun tí ìyá mi ń fi ọ̀sẹ̀ ṣe, oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ìyá mi kò janpata. Èmi tí n kì í lè jókòó jẹ́ẹ́ ni kò gbà. Mo ní a máa gbé iṣẹ́ wa sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo ṣí ojú ewé kan, mo sì fi orúkọ ìyá mi sọ ọ́.

Faransé ni mo kọ́kọ́ fi ń kọ ọ́. Àwọn ará Kútọnu ń wò ó, wọ́n ń yìn ín, wọ́n ń fi àwòrán ọkàn pupa ránṣẹ́. Inú mi dùn, mo gbé e fún ìyá mi wò.

"Ọkàn yìí," ó ní, "ṣé wọ́n ń ná an lọ́jà?"

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ ọ́ nìyẹn, tí àwọn ará Nàìjíríà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Àwọn yẹn ń rà. Àmọ́ bí wọ́n bá ti rí nọ́ńbà Bẹ̀nẹ̀, ẹ̀rù á bà wọ́n, wọ́n á dákẹ́. Mo bá gba Kraké lọ, mo ra nọ́ńbà Nàìjíríà ní ẹnubodè. Mo sọ iye gbogbo ọjà wa di náírà. Mo yọ gbogbo Faransé kúrò nínú Nàgó mi, mo tún un ṣe títí ó fi jọ ti ìwé ìròyìn wọn. Níbi tí wọ́n ti ń béèrè àdírẹ́sì, mo kọ ọ́ pé: Àjàṣẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ńlá. Orí mi wú.

Láti ìgbà náà ni mi ò ti mọ ìsinmi. Mo ń wo fóònù nídìí ìdáná títí ata fi jóná. Mo ń wò ó bí mo ṣe ń ṣe àlùwàlá. Tí ẹnì kan bá béèrè ọ̀rọ̀ tí mi ò sì tètè dáhùn, ó máa ń ṣe mí bíi pé ó ti kọjá sí ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì.

"Pọ́tábù yìí ló bí ọ ni, àbí èmi?" ni ìyá mi máa ń bi mí, á nàka sí fóònù ọwọ́ mi.

Obìnrin kan kọ̀wé sí wa láti Ìlọrin. Wọ́n fẹ́ wé láwàní fún bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, ó sì fẹ́ agbádá funfun tí wọ́n fi òwú funfun ṣiṣẹ́ sí láyà, irú èyí tí ẹ̀rọ kì í lè ṣe kó dùn ún wò. Ó sanwó láìjanpata. Ìyá mi tẹra mọ́ aṣọ náà títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Nígbà tó parí, mo ní n óò fi rán awakọ̀.

"Ẹ má ṣèyọnu," ni obìnrin náà wí. "Àjàṣẹ́ kò kúkú jìnnà sí wa. Èmi fúnra mi á wá mú un lọ́jọ́bọ̀."

Mo ní ẹ ò rí àwọn ará Nàìjíríà yìí, bí wọn ò ṣe ka ọ̀nà jíjìn sí nǹkan kan! Ìyá mi ra ẹja, ó ní àlejò tó ti Ìlọrin wá kò gbọdọ̀ padà lébi.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, fóònù dún. Obìnrin náà ní òun ti wà níwájú ọjà. Mo sáré lọ síbẹ̀.

"Èmi náà ti dé," mo ní. "Bùbá aláwọ̀ ewé ni mo wọ̀."

"Mi ò rí yín."

"Ẹ juwọ́ sókè, ẹ jọ̀wọ́."

"Mo ti juwọ́. Ẹ̀yin náà ẹ juwọ́!"

Mo na ọwọ́ sókè láàárín èrò. Oní-zémìjàn méjì dúró, wọ́n ń bi mí níbi tí mò ń lọ. Obìnrin náà ti ń bínú. Ó ní kí n gbé fóònù fún ẹnì kan tó mọ ọ̀nà. Mo gbé e fún obìnrin kan tó ń ta ọsàn, ìyẹn sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi Gùn àti Faransé júwe ọ̀nà tagbáratagbára. Nígbà tí mo gba fóònù padà, ohùn àlejò wa ti yàtọ̀.

"Èdè wo lèyí? Àjàṣẹ́ wo lẹ wà?"

"Àjàṣẹ́ yìí náà ni. Porto-Novo. Ní Bẹ̀nẹ̀."

"Bẹ̀nẹ̀? Èmi wà ní Àjàṣẹ́-Ìpo."

Ìlú kan wà nítòsí Ìlọrin lọ́hùn-ún tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Mi ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí láyé mi. Gbogbo ohun tí mo ṣe kí wọ́n lè rò pé aládùúgbò wọn ni wá, wọ́n ti gbà á gbọ́ pátápátá. Kí n tó lanu ṣàlàyé, ó ti pa fóònù.

Kí n tó délé, ó ti gbé fọ́tò agbádá náà tí mo fi ránṣẹ́ sí i sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, orúkọ ìyá mi wà lábẹ́ rẹ̀: Ẹ ṣọ́ra fún wọn. Olè ni wọ́n. Wọ́n ní Àjàṣẹ́ làwọn wà, ẹ̀yìn odi ni wọ́n ti ń lu jìbìtì. Mo fèsì. Mo ṣàlàyé. Mo fi àwòrán ilẹ̀ ránṣẹ́, mo fi fọ́tò ọjà wa ránṣẹ́, mo kọ bí ìlú wa ṣe ń jẹ́ orúkọ mẹ́ta. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní olè tó mọ ìtàn lèyí. Ara mi ń gbóná, mo ń rìn láti yàrá dé ẹnu ọ̀nà, láti ẹnu ọ̀nà dé yàrá.

Ìyá mi wò mí títí di ọ̀sán Jímọ̀, ó wá ní kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo sọ ọ́.

"Olè?" Ó gbé abẹ́rẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Èmi tí mo máa ń di àjákù aṣọ oníbàárà sínú ọ̀rá kó lè kó o lọ sílé?"

Ó nawọ́ sí fóònù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Pè é fún mi."

"Kò ní gbé e, Màmá."

"Pè é."

Obìnrin náà gbé e, ohùn rẹ̀ sì ń dún síta. Mo ti ń retí kí ìyá mi bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Kò dárúkọ Àjàṣẹ́ kankan. Ó kí i, ó wá ní: "Bàbá ńkọ́? Kí ni wọ́n wọ̀ lọ sí mọ́sáláṣí lónìí?"

Obìnrin náà dín ohùn kù. Ó ní èyí tó ti gbó ni wọ́n wọ̀. Wọ́n ní kò burú, àmọ́ láti ìdájí ni wọ́n ti ń wo ọwọ́ gbogbo ẹni tó bá wọlé. Ó dùn mí wọnú eegun. Nínú gbogbo ohun tí mo ti kọ láti àná, bàbá náà kò sí níbẹ̀ rárá.

"Aṣọ wọn á dé ọ̀dọ̀ wọn," ni ìyá mi wí.

Lọ́jọ́ kejì, ó ní òun á bá mi dé Kraké, tòun ti orúnkún tó ń dùn ún. Gbogbo bí a ṣe ń gba Sèmè-Kpodji kọjá, kò jẹ́ kí wọ́n gbé ẹrù náà sẹ́yìn ọkọ̀, orí itan rẹ̀ ló gbé e lé. A rí awakọ̀ tó ń lọ sí Ìlọrin. Ìyá mi dúró nínú oòrùn títí ọkọ̀ náà fi kọjá ẹnubodè. Èmi ń wo fóònù. Èèyàn tuntun tún ti bú wa.

Fídíò dé lẹ́yìn náà. Bàbá arúgbó kan, tín-ín-rín, nínú agbádá tó gbà á dáadáa. Ó ń fi ìka tọ iṣẹ́ òwú náà láti ọrùn dé àyà, díẹ̀díẹ̀. Ó ní kí wọ́n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá Àjàṣẹ́. Ọmọ rẹ̀ pa ohun tó kọ rẹ́, ó tọrọ àforíjì ní gbangba, ó sì ṣe é tọkàntọkàn. Àmọ́ ìwọ̀nba ló ka àforíjì. Èyí àkọ́kọ́, àwọn ẹlòmíì ti gbé e lọ síbi tí mi ò mọ̀. Mò ń bá a pàdé níhìn-ín, mò ń bá a pàdé lọ́hùn-ún. Mo ń bẹ̀ wọ́n. Àwọn kan ń pa á rẹ́, àwọn kan ń bú mi sí i.

Mo ti tún àdírẹ́sì wa kọ: Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, ní Bẹ̀nẹ̀. Nọ́ńbà wa gan-an ló wà níbẹ̀ báyìí. Àwọn kan ń sá, àwọn kan ń dúró, a sì ń ríṣẹ́ ṣe.

Ìyá mi lè ka kéwú, kò lè ka lẹ́tà Faransé tí wọ́n tún fi ń kọ Yorùbá. Ní ọ̀sán kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó tún wo fídíò bàbá náà. Ó dá a padà fún mi.

"Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ yẹn, ṣé ó ti parẹ́?"

Àárọ̀ ọjọ́ náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún rí i, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lábẹ́ fọ́tò, àwọn èèyàn sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ó ti parẹ́, Màmá."

Ó ń wá ojú abẹ́rẹ́, kò rí i. Ó na abẹ́rẹ́ àti òwú sí mi kí n bá òun ti òwú bọ ihò rẹ̀. Mo ti òwú náà bọ̀ ọ́. Ó gbà á padà, ó tẹ orí ba iṣẹ́ rẹ̀, kò wo ojú mi.

"Lọ́jọ́ tó bá parẹ́ lóòótọ́," ó ní, "kí o wá sọ fún mi."