Ààlà Oko Tí Mo Nù Kúrò Nínú Kọ̀ǹpútà

Dísìkì méjì ló wà nínú kọ̀ǹpútà ilé wa ní Òkìtìpupa. Èkejì ni mò ń da gbogbo ẹrù mi sí, bíi yàrá tí èèyàn kì í gbá. Nígbà tó yá, ó ń lọ́ra, fáìlì ò ṣí dáadáa mọ́. Mo ní màá fọ́máàtì rẹ̀ ní Sátidé, kí n nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ọkọ mi bi mí bóyá mo ti kó ohun tó wà níbẹ̀ síbòmíì. Ẹni tí èmi ń bá tan tẹlifíṣọ̀n! Mo ní kó fi mí sílẹ̀ jàre, olùkọ́ ni mí, mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ohun kan ṣoṣo tó jọ mí lójú níbẹ̀ ni fídíò bàbá mi. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, kí orúnkún wọn tó yọnu, wọ́n mú mi yí oko ọ̀pẹ wọn ká ní Ìjù-Odò. Ní ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan pèrègún mẹ́rìnlá tó pààlà, wọ́n á dúró, wọ́n á fọwọ́ kàn án, wọ́n á sọ ẹni tó gbìn ín àti ẹni tó ni oko òdìkejì. Mo fi fóònù ká gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Èmi ni àkọ́bí, wọ́n ní kó wà lọ́wọ́ mi. Àwọn tó ni oko ìsàlẹ̀ sì ti ń gé ẹyìn kọjá ààlà, fídíò yẹn ni ẹ̀rí wa.

Nígbà tí Sátidé dé, mo gbé e kúrò níbẹ̀ wá sójú kọ̀ǹpútà, lórí dísìkì àkọ́kọ́, mo rí àwòrán rẹ̀ gbangba, ọkàn mi balẹ̀. Mi ò yan fọ́máàtì tó máa ń yá. Èyí tó ń nu gbogbo rẹ̀ pátápátá ni mo yàn, torí mi ò fẹ́ràn iṣẹ́ àbọ̀. Mo ro pupurú, a jẹun, mo fọ abọ́ kó tó parí. Iná tó máa ń lọ lójoojúmọ́ ò lọ lọ́jọ́ yẹn.

Ìgbà tí mo tẹ fídíò náà, kọ̀ǹpútà ní òun ò rí i. Mo gbé! Àṣé kì í ṣe fídíò ni mo gbé wá, àmì tó ń tọ́ka síbi tó wà lásán ni. Fóònù tí mo fi ká a sílẹ̀ ti bàjẹ́ tipẹ́. Mo gbé dísìkì náà lọ bá ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ó wò ó títí, ó mi orí. Mo sunkún.

Mo lọ sí Ìjù-Odò, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Bàbá mi ò bínú. Wọ́n mú ọ̀pá wọn, wọ́n ní ká máa lọ sóko. Ní ìdí pèrègún àkọ́kọ́, mo yọ fóònù tuntun jáde.

“Fi í sápò,” ni wọ́n wí. “Ìwọ ni kó o sọ ọ́ fún mi. Ṣebí o ti ń wò ó láti ọdún méjì.”

Mo sọ ti àkọ́kọ́. Mo wá ti èkejì títí, mo rí i sọ. Nígbà tá a dé ìdí ẹ̀kẹta, mo kàn ń wo ewé. Mi ò ṣí fídíò yẹn wò rí, ojú ti mí.

Bàbá mi sọ ti ẹ̀kẹta, wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Wọ́n fara ti ọ̀pá, wọ́n fọwọ́ ra orúnkún wọn.

“Ó ku mọ́kànlá,” ni wọ́n wí, wọ́n sì gbẹ́sẹ̀.