Ilé Ẹlẹ́nu Abẹ́rẹ́ Lẹ́nu Géètì Mummy Kẹ́mi

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ẹni tí Motúnráyọ̀, ìyá Kẹ́misọ́lá, jẹ́, kó kọ́kọ́ wo ẹyẹ kékeré tó ń bá dígí mọ́tò jà ní ẹ́sìtéètì wọn ní Ìkòsì. Ẹyẹ náà ò fi bẹ́ẹ̀ ju àtàǹpàkò lọ, ẹnu rẹ̀ gùn, ó sì tẹ̀ bí abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán àpò. Omi dídùn inú òdòdó ló ń fi ẹnu yẹn mu. Bí oòrùn bá kan ọrùn akọ, á máa dán gbinrin. Ṣùgbọ́n bó bá rí àwòrán ara rẹ̀ nínú dígí mọ́tò alága ẹ́sìtéètì, á rò pé akọ mìíràn ló wá gba ìyàwó òun, á sì máa fi ẹnu sọ ọ́ títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Motúnráyọ̀ ló sọ ọ́ ní Ẹlẹ́nu Abẹ́rẹ́, torí télọ̀ ni òun náà.

Láti Ìmẹ̀kọ ló ti wọ Èkó, òun àti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, àwọn ẹbí ọkọ wá gba ilé tí àwọn méjèèjì jọ kọ́. Obìnrin kúkúrú yìí dúró sẹ́nu géètì, ó ní ẹni tó bá máa wọlé, orí òun ni yóò tẹ̀ kọjá. Wọ́n wò ó títí, wọ́n padà. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá, abo ẹyẹ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé sí igi òdòdó tó fà bo géètì yẹn. Akọ ń kọrin kiri, abo nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Ó ń fa koríko gbígbẹ, ó ń fi òwú aláǹtakùn so ó pọ̀, ó sì ń ṣa fọ́nrán òwú nínú ohun tí Motúnráyọ̀ bá gbá síta. Ilé náà ń rọ̀ dirodiro bí àpò, ó ní ìbòrí lókè ẹnu ọ̀nà, ìrépé aṣọ pupa kan sì ń fì nídìí rẹ̀.

Aṣọ pupa yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Aunty Bísí, aládùúgbò rẹ̀ tó ń darí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wọn, rí i láti ojú fèrèsé, ó pariwo pé Mummy Kẹ́mi ti pa ààlè sẹ́nu géètì. Ta ni ò mọ̀ pé ẹni tó bá so koríko gbígbẹ mọ́ àkísà pupa, ìkìlọ̀ ló ń ṣe fún olè pé yóò jẹ iyán rẹ̀ níṣu? Ọ̀rọ̀ náà tàn dé ṣọ́ọ̀ṣì.

Lọ́jọ́ Sátidé ìmọ́tótó, Ọ̀gá Bartholomew, alága ẹ́sìtéètì, gbé ọ̀pá gígùn dé, Aunty Bísí tẹ̀ lé e.

“Mummy Kẹ́mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú,” ni alága wí. “Àwọn èèyàn ń complain. A máa yọ nǹkan yìí.”

“Ẹyẹ ló ń gbébẹ̀, sà. Ọmọ wà nínú ẹ̀.”

“Ẹyẹ wo ló ń fi red cloth kọ́lé?” ni Aunty Bísí bi í.

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Òun tó ń rán aṣọ akọrin fún wọn ni wọ́n ń pè ní olóògùn! Bó bá sún sẹ́yìn, orúkọ rẹ̀ á mọ́, àwọn ọmọ ẹyẹ á sì kú. Ó lọ dúró síbi tó dúró sí lọ́jọ́ àwọn ẹbí ọkọ.

“Ẹ kọ́kọ́ yọ èmi ná.”

Alága gbé ọ̀pá sókè. Àfi fìrì! Ìyá ẹyẹ já wọlé láàárín wọn, aláǹtakùn wà lẹ́nu rẹ̀, kò tilẹ̀ wo ọ̀pá. Ẹnu kéékèèké yọ síta, wọ́n là gbàgà. Alága rọra sọ ọ̀pá kalẹ̀.

Aunty Bísí sún mọ́ ọn, ó tẹjú mọ́ aṣọ pupa náà.

“Ẹ gbà mí o. Ṣé kì í ṣe aṣọ choir mi nìyí?”

“Òun ni. Ibi tí mo gé kúrò lápá ẹ̀, tẹ́ ẹ ní ó gùn jù.”

Ojú ti Aunty Bísí, ó bẹ̀bẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ̀rín pa gbogbo wọn.

Àwọn ọmọ ẹyẹ ti fò lọ báyìí, ilé wọn ṣì wà lẹ́nu géètì. Bí àlejò bá dé, Aunty Bísí ló ń fà wọ́n wá wò ó, á ní aṣọ òun ni wọ́n fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn tún dé, Motúnráyọ̀ jí láàárọ̀, ó bá ìrépé aṣọ pupa tuntun tí ẹnìkan tẹ́ sórí ọgbà tó pààlà òun àti Aunty Bísí. Ó mọ̀ pé òun kọ́ ló tẹ́ ẹ síbẹ̀.