Níbo Ni Ará Orí Òṣùpá Yóò Ti Wo Òṣùpá Ààwẹ̀?

Ẹ bá mi kí orí mímì o! Orí mímì, ọ̀rẹ́ ẹni lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ ò yé ni. Ìwọ tí ń sọ òpè di ọ̀mọ̀wé láìsan owó ilé ìwé. Ìwọ tí ń gba iṣẹ́ ṣe fún ọpọlọ tó ti sá lọ. Ìyìn ni fún ẹni tó kọ́kọ́ rí i pé béèyàn bá mi orí jẹ́jẹ́, tó dijú díẹ̀, tó ní "hùn-ún," kò sẹ́ni tí yóò bi í ní ìbéèrè kejì.

Ọ̀sán ààwẹ̀ kan ni mo kọ́kọ́ rí orí mímì tó pegedé, níwájú ilé Àáfà àdúgbò wa ní Ìwó, láyé ìgbà tí sójà ń fi kóbókò kọ́ wa bí a ṣe ń tò sórí ìlà. Oòrùn ti yẹ̀ díẹ̀ lórí páànù. Àwọn ìyá jókòó sórí ẹní lápá kan, àwọn bàbá lápá kejì, ẹnu gbogbo wọn gbẹ. Òórùn àkàrà tí ẹnì kan ti ń dín sílẹ̀ de ìṣínu ń yọ wá láti ẹ̀yìnkùlé, ó ń dán ìgbàgbọ́ wa wò. Àáfà jókòó sórí àga níwájú wa. Lórí àga kejì ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan jókòó sí, ọmọ àdúgbò wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ka èdè Lárúbáwá jáde ní yunifásítì. Ọ̀mọ̀wé ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ọ̀rọ̀, Ọ̀mọ̀wé á ti máa mi orí kí ìbéèrè náà tó délẹ̀.

Àáfà ló ń kọ́ mi ní kéú. Láàárọ̀, kí a tó lọ sílé ìwé, a óò jókòó yí i ká nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú wàláà pákó rẹ̀ lórí itan, a óò máa pariwo kéú lẹ́ẹ̀kan náà títí àwọn ewúrẹ́ á fi kúrò nítòsí. Òórùn tàdáwà tó fi ń kọ̀wé dà bí èéfín tí òjò pa. Àáfà kì í ṣe onírẹ̀lẹ̀ rárá. Ó gbọ́n, ó sì mọ̀ pé òun gbọ́n. Ọmọ tó bá ka kéú rẹ̀ ní ìkàkukà, Àáfà á ní, "Èyí tí o kà yìí, àgùntàn ìta nìkan ló lè ṣe àmín sí i."

Ṣùgbọ́n ó ní ìwà kan tí mi ò rí lára àgbàlagbà mìíràn. Tí a bá bi í ní ohun tí kò mọ̀, ojú rẹ̀ á tàn bí ẹni tí àlejò rere wá kí. Á ní, "Èmi ò mọ̀ ọ́n o." Á fa etí láwànì rẹ̀, á ta á ní kókó kan kó má baà gbàgbé. Kókó náà á wà níbẹ̀ títí yóò fi rí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tó bá rí ìdáhùn, á pe ẹni tó béèrè, á sọ ọ́ fún un, á sọ ẹni tí òun gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, á wá tú kókó náà lójú wọn. Kókó kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ tèmi, nítorí mo bi í ìdí tí àkùkọ fi ń dijú tó bá ń kọ. Àwọn èèyàn máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé láwànì Àáfà ti di àwọ̀n ẹja.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ẹ̀fẹ̀. Àwọn àgbà àdúgbò ti pinnu pé kí Àáfà àti Ọ̀mọ̀wé jọ máa ṣe wàásù ààwẹ̀, pé tí Ìtúnu bá ti kọjá, àwọn yóò mú ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn sórí àga wàásù. Láti ìgbà tí wọn kò tíì bí mi ni Àáfà ti wà lórí àga yẹn. Kò ní oko, kò ní ṣọ́ọ̀bù. Àga yẹn ni iyì rẹ̀, nítorí rẹ̀ sì ni àwọn òbí ṣe ń kó ọmọ wá bá a. Gbogbo wa ló mọ̀ pé ààwẹ̀ náà ni ìdánwò rẹ̀.

Èmi ni mo wá gbé ìbéèrè tó le jù lọ wọ inú ìdánwò ọ̀hún. Mo ti gbọ́ lórí rédíò bàbá mi pé àwọn òyìnbó ti gun òṣùpá, ó sì ti ń jà lọ́kàn mi. Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ìbéèrè sọ̀rọ̀, mo kúnlẹ̀ láàárín àwọn ìyá.

"Àáfà, ẹ jọ̀ọ́ sà. Tí Mùsùlùmí kan bá ń gbé orí òṣùpá, níbo ni yóò ti wo òṣùpá ààwẹ̀?"

Ẹ̀rín bú. Ìyá mi fa aṣọ mi lẹ́yìn. "Jókòó jàre! Ṣé ìwọ lo fẹ́ lọ gbalé síbẹ̀ ni?"

Ọ̀mọ̀wé kò rẹ́rìn-ín. Ó mi orí lọ, ó mi í bọ̀. "Ìbéèrè tó jinlẹ̀ ni," ó ní. "Ìwádìí àwọn onímọ̀ fi hàn pé òṣùpá kejì wà lẹ́yìn èyí tí à ń rí yìí. Ìyẹn ni wọn yóò máa wò."

"Alláhù Ákúbárù!" Gbogbo ìta gbọ̀n. Bàbá kan na ọwọ́ sókè: "Ẹ ò rí i? Owó ilé ìwé ò ṣòfò!"

Àáfà yíjú sí ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó fẹ́ mọ̀ ní tòótọ́. "Ta ló rí òṣùpá kejì náà?"

"Ó wà nínú ìwé, Bàbá."

"Ìwé wo?"

"Ìwé ọ̀hún pọ̀, Bàbá." Ó tún mi orí.

Àáfà họ irùngbọ̀n rẹ̀. "Ó dáa. Èmi ò mọ̀ ọ́n o." Ó fa etí láwànì rẹ̀, ó ta kókó.

Olórí àdúgbò wa fò dìde. "Àáfà! Nínú ààwẹ̀ yìí? Lójú gbogbo ayé? Ọmọdé ló bi yín, ẹ sì ní ẹ ò mọ̀?"

"Ṣé kí n dúró kí àgbà bi mí kí n tó sọ pé mi ò mọ̀ ni?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n olórí àdúgbò kò sí lára wọn. Bí a ṣe ń ká ẹní, mo gbọ́ tí bàbá kan ń sọ pé ọ̀rọ̀ ti parí, pé kí wọ́n kàn dúró de Ìtúnu.

Ní ọjọ́ kejì, Àáfà tọrọ mi lọ́wọ́ ìyá mi. Ó ní ẹni tó ni ìbéèrè ló yẹ kó tẹ̀ lé e lọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ àáfà ní Kuta la kọ́kọ́ lọ bá. Ìyẹn gbọ́ ọ̀rọ̀ wa tán, ó ní, "Ohun tí mo mọ̀ nípa òṣùpá kò ju kí n gbójú sókè lọ. Àgùnbánirọ̀ kan ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ní Ilé-Ogbó. Ẹ lọ bi í." A wọ mọ́tò, ó di Ilé-Ogbó.

Ọmọbìnrin kan la bá níbẹ̀, onígbàgbọ́, ará òkèèrè tó ń sọ Yorùbá bí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí òkúta. Ó kúnlẹ̀ kí Àáfà. Ó gbọ́ ìbéèrè mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní:

"Bàbá, mi ò mọ̀. Ẹ jẹ́ ká wò ó."

Mo tẹjú mọ́ ọn. Òun náà ti yunifásítì dé, ó sì sọ ọ́ wẹ́rẹ́ báyìí. Mo wo ọrùn rẹ̀ bóyá okùn tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi ń mi orí ló já níbẹ̀. Kò sí ohun tó já.

Ó ti fèrèsé kíláàsì, ó gbé tọ́ọ̀ṣì sórí tábìlì, ó ní oòrùn nìyẹn. Ó gbé bọ́ọ̀lù rọ́bà kan síwájú rẹ̀, ó ní ayé nìyẹn. Ó mú ọsàn wẹ́wẹ́ kan, ó ní òṣùpá nìyí.

"Tíṣà," Àáfà ní, "ará òṣùpá ńkọ́?"

Ọmọbìnrin náà wá èèrà kan rí lórí tábìlì, ó gbé e lé orí ọsàn wẹ́wẹ́. "Ẹ gbé ojú yín sẹ́yìn èèrà, Bàbá."

Àáfà ṣí láwànì rẹ̀, ó gbé e fún mi, ó lọ́ ara rẹ̀ wálẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọsàn. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọsàn náà yí bọ́ọ̀lù ká díẹ̀díẹ̀, Àáfà ń rákò tẹ̀ lé e. Lójijì ló kígbe:

"Ó ń yọ! Ayé ń yọ bí òṣùpá!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ayé wa ni ẹni tó wà níbẹ̀ yóò máa rí. Yóò yọ tẹ́ẹ́rẹ́, yóò kún, yóò dín."

"Àwa la wá di òṣùpá wọn?"

"Àwa ni."

Àáfà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kíláàsì, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un, kò sì lè mu omi. Nígbà tó sinmi, ó ní, "Ṣé kí wọ́n wá gba ààwẹ̀ nígbà tí àwa bá yọ lójú wọn?"

"Ìyẹn kọjá ohun tí mo kọ́, Bàbá. Mi ò mọ ìyẹn."

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n," ni Àáfà wí. Àwọn méjèèjì wo ara wọn bí ẹni tó jọ rí oyin nínú igbó. Èèrà ti bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, ẹ̀rù ń bà mí. "Àáfà, ṣé ẹ máa sọ fún wọn pé onígbàgbọ́ ló fi hàn yín?"

"Kí ni kí n wá sọ? Kí n ní mo lá a lálàá?"

"Wọ́n máa gba àga lọ́wọ́ yín."

Ó wo ìta fèrèsé mọ́tò títí a fi rí páànù Ìwó lókèèrè. "Wọ́n lè gbà á," ó ní. "Ó máa dùn mí gan-an."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó sọ gbogbo rẹ̀, tọ́ọ̀ṣì, bọ́ọ̀lù, èèrà àti ọmọbìnrin náà. Ó ní ohun tí ará òṣùpá yóò rí ti yé òun, ṣùgbọ́n bí yóò ṣe fi ka oṣù ààwẹ̀ kò tíì yé òun. Ó dẹ kókó náà díẹ̀, kò tú u. Obìnrin kan ní, "Nínú ààwẹ̀, ó lọ ń ṣeré ọsàn lọ́dọ̀ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì." Ọ̀mọ̀wé mi orí fún obìnrin náà.

Ìtúnu kọjá, wọ́n gbé àga fún Ọ̀mọ̀wé. Díẹ̀díẹ̀ ni wàláà dín nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ Àáfà. Ìyá mi kò mú mi kúrò. Ó ní ọmọ tó ń bi irú ìbéèrè yẹn, kò sẹ́lòmíràn tí yóò gbà á. Nígbà ààwẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Àáfà jókòó sórí ẹní pẹ̀lú wa, ó ń na ọwọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé, ó ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Ọ̀mọ̀wé. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Rárá o. Ó ń retí pé bóyá lọ́jọ́ kan, Ọ̀mọ̀wé yóò dá a lóhùn ní tòótọ́.

Mo ti di olùkọ́ yunifásítì báyìí. Láìpẹ́ yìí, wọ́n fi mí sí ìgbìmọ̀ tí yóò sọ irú ìmọ̀ àti ìwà tó yẹ ká gbìn sínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kí wọ́n tó jáde. A jókòó nínú yàrá tó tutù, a mu tíì, ẹnì kan ní kí wọ́n jẹ́ aṣáájú, ẹnì kan ní kí wọ́n lè bá gbogbo àgbáyé figagbága. Èmi ń rò ó lọ́kàn pé ká kọ́ wọn láti sọ pé àwọn ò mọ̀ kí ojú má sì tì wọ́n, láti wọ mọ́tò lọ bá ẹni tó mọ̀, kódà bí ẹni náà bá kéré sí wọn tó sì ń lọ ilé ìsìn mìíràn, láti padà wá dárúkọ rẹ̀ níwájú àwọn tí kò fẹ́ gbọ́. Mo ti la ẹnu láti sọ ọ́. Alága ìgbìmọ̀ ló wá ka gbólóhùn kan tó ti kọ sílẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì tó gùn tó sì wúwo, tí mi ò mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Ó gbé ojú sókè, ó wo gbogbo wa yíká, ó ní:

"Ṣé ó yé wa?"

Kò yé mi. Mo mi orí.