Gálílì tí èmi nìkan lọ

Ọdún àkọ́kọ́ tí mo ṣọdún Àjíǹde ní Houston, mo gbààwẹ̀ Lẹ́ńtì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí ìyàwó mi lè rí físà gbà nílé. Nígbà tí ọdún ku ọjọ́ mélòó kan, wọ́n tún kọ̀ láti fún un ní físà ní ẹ́ńbásì. Síbẹ̀, nígbà tó di Sunday Àjíǹde, mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo kọ halelúyà bí gbogbo èèyàn.

Bí a ṣe jáde ni mo bi bàbá Ìjẹ̀bú kan pé níbo la ó ti ṣe Gálílì lọ́la. Nílé wa, gbogbo ìjọ ló máa ń gbé oúnjẹ jáde lọ ṣeré lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde, torí áńgẹ́lì ní Jésù ti ṣáájú lọ sí Gálílì, ibẹ̀ la ó ti rí i.

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, Mọ́ńdè níbí, iṣẹ́ ni o."

Inú bí mi. Jésù ṣẹ̀ṣẹ̀ jíǹde, kálukú ti ń sáré padà sẹ́nu iṣẹ́! Mo gbàyè níbi iṣẹ́ mi ní La Porte, mo se jọ̀lọ́ọ̀fù, mo gba páàkì tó wà nítòsí ilé mi lọ. Àwọn igi tó gbẹ bí òkú nígbà òtútù ti rúwé tuntun. Kò sẹ́ni tó wá. Mo bá da oúnjẹ náà fún àwọn pẹ́pẹ́yẹ.

Nígbà tí mo délé, mo pe ìyàwó mi lórí fóònù.

"Ṣé ẹ lọ sí Gálílì?"

Mo ní mo lọ.

"Ta lẹ rí níbẹ̀?"

Mo ní mi ò rí ẹnì kankan.